Kí Á Tó So Yìgì: Ohun tí Àwọn Onímọ̀ Rí Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. N kò wá sọ ti ogun, n kò sì wá sọ ti ìjà. Ẹ̀jẹ̀ tí Ọlọ́run Ọba fi sí ara olúkúlùkù wa ni mo ń wí, èyí tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wa, tí àwa náà yóò sì fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpèjúwe kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Òṣogbo, ó rí ọmọbìnrin kan ní Iléṣà, ọkàn àwọn méjèèjì sì ṣọ̀kan. Àwọn òbí ti rí ara wọn, wọ́n ti dá ọjọ́, Lèmọ́mù ti gbọ́, wọ́n ti ra aṣọ ẹbí. Ni ẹnì kan bá béèrè pé, "Ǹjẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀?" Bàbá ọkọ fèsì kíá pé, "Kí ni a fẹ́ fi àyẹ̀wò ṣe? Ọmọ Òṣogbo ni tiwa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyàwó. Ẹ̀jẹ̀ wa kò pa pọ̀ rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fẹ́ ẹbí rẹ̀ ni kí ó máa bẹ̀rù." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà tì.

Irú bàbá bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, ènìyàn rere sì ni wọ́n. Ìkà kọ́ ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun náà gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń tún sọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá ni, àṣìṣe tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ilé aláyọ̀ di ilé ẹkún. Ìdí tí ó fi jẹ́ àṣìṣe ni mo fẹ́ là yé yín, àti ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbà wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Lára ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá gan-an ni wọ́n sì ti ṣe apá kan nínú ìwádìí náà.

TA NI ÀJÈJÌ LÁÀÁRÍN ÒṢOGBO ÀTI ÌJẸ̀ṢÀ?

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ onímọ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ìtàn léèrè. Ìtàn tí àwọn àgbà Òṣogbo ń sọ ni pé Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn, àwọn tí wọ́n tẹ ìlú náà dó sí etí odò Ọ̀ṣun, láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti wá, nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí omi wà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́ sá wá sí Òṣogbo, wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ní Òṣogbo kan náà ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin. Lẹ́yìn náà ni ogun Kírìjì dé, láti 1877 títí di 1893, tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì dojú kọ Ìbàdàn.

Ẹ wo bí ogun ṣe kó ènìyàn láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Ẹ tún wo ọjà, ẹ wo àwọn Òṣómàáló ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ru aṣọ lọ sí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì ń gbé ìyàwó níbi tí wọ́n bá dé. Ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ. Ẹsẹ̀ kò fìgbà kan dá lójú ọ̀nà náà, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ kò fìgbà kan dá níbẹ̀. Nítorí náà, bí bàbá ọkọ bá ní ẹ̀jẹ̀ àwọn kò pa pọ̀ rí, ìtàn ìlú rẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ já a nírọ́.

ÌWÉ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ARA

Nísinsìnyí, kí á wá sí ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀. Wọ́n ní nínú hóró kéékèèké tí a fi mọ ara wa, tí ojú lásán kò lè rí, ohun kan wà níbẹ̀ tí ó dà bí ìwé. DNA ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí lẹ́tà inú rẹ̀ fi tó nǹkan bí bílíọ̀nù 3. Ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù wa ní: bàbá fún wa ní ọ̀kan, ìyá fún wa ní èkejì. Orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà tí ó ń pàṣẹ iṣẹ́ kan fún ara ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Jíìnì kan ń pàṣẹ bí ara yóò ṣe ṣe hemoglobin, èyíinì ni ohun tí ó mú ẹ̀jẹ̀ pupa, tí ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú kiri gbogbo ara.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí ilé-kéwú rí mọ bí ó ti ń rí nígbà tí a bá ń kọ wàláà. Àáfà kọ ọ́, ọmọ dà á kọ. Bí ọmọ bá ti ń da ojú ewé kan kọ lẹ́ẹ̀mélòó kan, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ó máa fi lẹ́tà kan dípò òmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwé inú ara. Bí ó ti ń ti ọwọ́ òbí bọ́ sọ́wọ́ ọmọ láti ìran dé ìran, lẹ́tà kan ń yí níhìn-ín, òmíràn ń yí lọ́hùn-ún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àyípadà wọ̀nyí kò ṣe ènìyàn ní ibi, kò sì ṣe é ní ire. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ní ipá. Àwọn àyípadà wọ̀nyí ni onímọ̀ fi ń mọ bí ènìyàn kan ṣe yàtọ̀ sí èkejì, àti bí ìran kan ṣe yàtọ̀ sí òmíràn.

BÍ ÌWÁDÌÍ ṢE DÉ ÌBÀDÀN

Ní ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn ti ka ìwé inú ara ènìyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2022 ni wọ́n tó ka ìyókù tí ó ṣòroó kà tán. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè fi ìwé kan ṣoṣo mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ kó ìwé púpọ̀ jọ, kí ó ṣí wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì kà wọ́n ní ìlà dé ìlà.

Iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, tí wọ́n pè ní HapMap. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 270: ènìyàn 90 ní Ìbàdàn, 90 ní Utah ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn tí ìran wọn wá láti Yúróòpù, 45 ní Beijing ní Ṣáínà, àti 45 ní Tokyo ní Japan. Ní Ìbàdàn, ìdílé 30 ni wọ́n mú, bàbá, ìyá àti ọmọ kan tí ó ti dàgbà nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ka ti bàbá, tí a ka ti ìyá, tí a sì wá ka ti ọmọ, a ó mọ èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ bàbá wá àti èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀, bàbá ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n gbà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe agbátẹrù iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, òun àti àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn. Wọn kò ṣàdédé gbé abẹ́rẹ́ bá ènìyàn. Wọ́n pe ará àdúgbò jọ, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n fetí sí ìbéèrè, wọ́n sì gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Ibi ìṣúra kan ní Amẹ́ríkà tí ó ń jẹ́ Coriell, ní ìlú Camden, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ti ń béèrè fún un títí di òní.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi lélẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Wọ́n ní ẹni tí ó bá kọ̀wé lórí ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ pè é ní "Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà." Kò gbọdọ̀ pè é ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà, nítorí 90 ènìyàn kò lè ṣojú ilẹ̀ Áfíríkà tí ó lọ salalu. Àwọn 90 yìí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn, ti ṣe sàdáà fún ayé. Ní ọdún 2008, ọkùnrin Yorùbá kan láti inú wọn wà lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ lágbàáyé tí a ka gbogbo ìwé inú ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

KÍ NI WỌ́N RÍ?

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni pé ènìyàn jọ ara wọn ju bí a ti rò lọ. Mú ọmọ Òṣogbo kan, mú ọmọ Japan kan, kí o ṣí ìwé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú lẹ́tà 1,000, nǹkan bí 999 ni yóò bára mu.

Èkejì ni pé nínú ìwọ̀nba tí ó yàtọ̀ yìí, èyí tí ó pọ̀ jù wà láàárín àwọn ará ìlú kan náà. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Richard Lewontin, ti ṣírò rẹ̀ láti ọdún 1972 pé nǹkan bí 85 nínú 100 ìyàtọ̀ tí ó wà lára ọmọ ènìyàn, láàárín àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ìran kan náà ni ó wà. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ kò rí i kí ó yẹ̀ púpọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ènìyàn méjì tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà ní Iléṣà lè yàtọ̀ síra nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí a ti rò lọ, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń sọ èdè Ìjẹ̀ṣà kan náà.

Ẹ̀kẹta ni pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka ìwé ènìyàn 2,504 láti ìran 26, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, lára àwọn tí ìran wọn wá láti Áfíríkà ni wọ́n ti rí àyípadà lẹ́tà tí ó pọ̀ jù. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ wa ni àwọn baba ńlá gbogbo ọmọ ènìyàn ti gbé pẹ́ jù, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì jáde lọ kún ìyókù ayé. Yorùbá Ìbàdàn wà nínú ìwádìí yẹn, àwọn Ìshán náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Bí Yorùbá àti Ìshán bá súnmọ́ra báyìí, kí ni a ó wá sọ nípa Òṣogbo àti Iléṣà?

Ẹ ó rí i pé kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí ó fi ìran kan ṣe ọ̀gá lórí èkejì. Ẹ̀sìn wa ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rọ kankan tó dé: Lárúbáwá kò fi ti ìran rẹ̀ ga ju ẹni tí kì í ṣe Lárúbáwá lọ, ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni òṣùwọ̀n.

Ẹ̀FỌN ÀTI LẸ́TÀ S

Bí ìyàtọ̀ bá kéré tó báyìí, kí ni a ń bẹ̀rù? Ẹ̀yin òǹkàwé, èkúté kékeré ni í dalẹ̀ ilé rú. Lẹ́tà kan ṣoṣo, nínú bílíọ̀nù 3, tó láti pa ènìyàn lẹ́kún.

Nínú jíìnì hemoglobin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó péye ni a ń pè ní A. Bí lẹ́tà kan bá yí níbẹ̀, ó di S. Ẹni tí ó gba A lọ́dọ̀ bàbá, tí ó gba A lọ́dọ̀ ìyá, AA ni. Ẹni tí ó gba A lọ́dọ̀ ọ̀kan àti S lọ́dọ̀ èkejì, AS ni. Ara rẹ̀ le koko, ó sì lè má mọ̀ títí ayé. Ẹni tí ó gba S méjì, SS ni. Hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí ó yẹ kí ó rí roboto a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí egungun fi ń ro ọmọ náà bí ẹni pé wọ́n ń gbẹ́ ẹ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń gbẹ, tí àwọn bàbá wa sì fi pe àìsàn náà ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a fi bú pé àbíkú ni wọ́n ní ayé àtijọ́, S méjì ni ó pa wọ́n.

Dókítà James Herrick ní Chicago ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa hóró ẹ̀jẹ̀ onídòjé yìí ní ọdún 1910, lára akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hemoglobin gan-an ni ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́kù: bí S bá ń pa ọmọ, kí ló dé tí kò tíì parẹ́? Anthony Allison ni ó dáhùn ní ọdún 1954. Ó ní ẹ̀fọn ni ìdí ọ̀rọ̀. Ibà kì í rí ẹni AS pa bí ó ti ń rí ẹni AA pa ní kékeré. Níbi tí ẹ̀fọn bá ti pọ̀, ọmọ AS ń yè, ó ń dàgbà, ó ń bímọ, ó sì ń fi S sílẹ̀ fún ọmọ. Ààbò ni S jẹ́ nígbà tí ó dá wà. Ìgbà tí ó bá pé méjì ni ó di ìyọnu.

Nítorí náà, ibi tí baba ńlá ẹni gbé ni S ń tọ́ka sí, kì í ṣe àwọ̀ ara. Àwọn ará Gíríìsì ní in, àwọn ará Íńdíà ní in, ó sì wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, pàápàá ní ìhà ìlà-oòrùn Sáúdí Arébíà. Lọ́dọ̀ tiwa, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2006 pé ènìyàn 24 nínú 100 ní Nàìjíríà ni ó ń gbé S kan kiri, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí ní SS lọ́dọọdún.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ bàbá ọkọ ní Òṣogbo. Ní ọdún 2018, Daniel Shriner àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Rotimi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ka àwọn lẹ́tà tí ó yí S ká lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ti Ìbàdàn náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó jọ pé ara ẹnì kan ṣoṣo ni S ti bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń wí o! Bí ọmọ Òṣogbo bá gbé S, tí ọmọ Iléṣà sì gbé S, ọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà ni wọ́n ti jogún rẹ̀, láti ìgbà tí kò sí Òṣogbo, tí kò sí Iléṣà, tí orúkọ Yorùbá pàápàá kò tíì dé ilé ayé. "Ẹ̀jẹ̀ wa kò pa pọ̀ rí" kò lè dúró níwájú èyí.

C TÍ Ó FARA PAMỌ́

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó kan àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ní Nàìjíríà lọ. Ní ibi kan náà nínú jíìnì yẹn, lẹ́tà mìíràn lè yí, a ó sì pe ìyẹn ní C. C pọ̀ ní ìhà Burkina Faso àti àríwá Gánà. Ó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n ní ìlà-oòrùn odò Ọya. Ìyàtọ̀ láàárín ìran sí ìran nìyẹn: kì í ṣe pé ohun kan wà lára gbogbo wa tí kò sí lára ẹnikẹ́ni mìíràn, bí kò ṣe pé ohun kan pọ̀ níhìn-ín ju bí ó ti pọ̀ lọ́hùn-ún.

Ẹni AC a máa fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò ní S, òun bọ́. Kò tíì bọ́. Bí AC bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ SC, ìrora egungun àti àìsàn ojú sì lè bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jà. Ẹ jẹ́ kí á to ọ̀rọ̀ náà kí ó yé tọmọdé tàgbà:

AA àti AA: kò sí ewu.
AA àti AS, tàbí AA àti AC: kò sí ọmọ tí yóò jẹ́ SS tàbí SC.
AS àti AS: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS.
AS àti AC: ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SC.
AS àti SS: ìpín kan nínú méjì ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS.

Mo ní nínú oyún kọ̀ọ̀kan o. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá bí mẹ́ta ní àlàáfíà, ẹ̀kẹrin ni yóò jẹ́ SS, wọn yóò sì dúró lórí mẹ́ta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ta owó sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ó ń fi orí balẹ̀, kò rántí ohun tí ó ṣe lẹ́yìn nígbà tí a bá ta á lẹ́ẹ̀kẹrin. Ọmọ àkọ́kọ́ lè jẹ́ SS, gbogbo wọn sì lè bọ́. Ẹlẹ́dàá nìkan ni ó mọ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Àyẹ̀wò náà kò le. Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá. Wọn yóò kán an sórí pépà pẹlẹbẹ kan tí a rẹ sínú oògùn, wọn yóò sì jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá lára rẹ̀. A, S àti C yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí ń figa gbága: A ni yóò ṣíwájú, S yóò tẹ̀ lé e, C yóò sì gbẹ́yìn. Bí ilà kan bá hàn níbi tí A ń dúró sí, AA ni. Bí méjì bá hàn, oníṣẹ́ náà yóò mọ̀ bóyá AS ni tàbí AC.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn. Èkínní, O, A, B àti AB tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ síni lára yàtọ̀ sí èyí; ẹni tí ó bá ní "ẹ̀jẹ̀ mi, O ni" kò tíì dáhùn ìbéèrè yìí. Èkejì, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára kí ó sọ fún dókítà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ lè ṣi ojú àyẹ̀wò náà. Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe é ní ibi méjì, kí ọ̀kan lè jẹ́rìí èkejì. Ó wà ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ó sì wà ní Wesley Guild ní Iléṣà.

KÁŃFỌ̀ NÍNÚ APÓTÍ AṢỌ ỌMỌ

Ẹ̀yin ìyá, tiyín nìyí. Ẹ̀fọn kan náà tí ó mú S pọ̀ ti mú àyípadà mìíràn pọ̀ lára wa, tí a ń pè ní àìtó G6PD. Ní nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín Yorùbá, ohun tí ń dáàbò bo hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kò pọ̀ tó. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tí wọ́n fi hàn ní ọdún 1969 pé kòkòrò ibà kì í gbádùn irú hóró bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó ní i lè gbé ayé rẹ̀ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ tuntun, ewu wà nínú káńfọ̀, àwọn bọ́ọ̀lù funfun tí ń ta sánsán tí a ń jù sínú àpótí kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ. Òórùn rẹ̀ lè fọ́ hóró ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe, bí a kò bá sì tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Àwọn dókítà ọmọdé ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ti ń pariwo èyí tipẹ́. Nítorí náà, ẹ yọ káńfọ̀ kúrò láàárín aṣọ ọmọ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Bí ojú ọmọ bá sì pọ́n, ẹ má fi oòrùn àárọ̀ tàbí àgbo dá a dúró sílé.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ rí àyípadà lára jíìnì kan tí ó ń jẹ́ APOL1. Ó pọ̀ lára Yorùbá Ìbàdàn. Wọn kò rí i lára àwọn ará Yúróòpù, Ṣáínà àti Japan tí wọ́n yẹ̀ wò. Eṣinṣin tí ń fa àìsàn oorun ni ó dà bí ẹni pé ó dáàbò bo àwọn baba wa lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́. Kí ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní àìsàn kíndìnrín jẹ́ kí wọ́n máa wo ìtọ̀ àti ìfúnpá rẹ̀ déédéé.

ÌMỌ̀RÀN WA

Àwọn kan ń béèrè pé, "Ṣé kò ní dà bí àìgba kádàrà gbọ́ bí a bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó so yìgì?" Rárá o. Ní Sáúdí Arébíà, níbi tí Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà wà, ìjọba ti sọ ọ́ di dandan láti ọdún 2004 pé ọkọ àti ìyàwó gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò S kí wọ́n tó gbéyàwó. Òfin náà kò ní kí wọ́n má fẹ́ ara wọn bí àbájáde kò bá dára. Ó kàn ní kí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì gba ìmọ̀ràn. Ẹni tí ó so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó sì gbára lé Ọlọ́run kò ṣe àìgbàgbọ́.

Ẹ tètè ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n ti ra aṣọ ẹbí, tí ọkàn ti wọ ọkàn, ti pẹ́ jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè. Ọmọ tí ó bá ti jáde ilé-ìwé gíga kí ó ti ní ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì sọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá ṣì wà ní ẹnu. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ Àsálátù, ẹ jẹ́ kí ó wọ inú wáàsí yín.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ti bí ọmọ SS tàbí SC, mo bẹ̀ yín, ẹ má bú ara yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ yín ní àbíkú. Bàbá kò jẹ̀bi ju ìyá lọ. S kọ̀ọ̀kan ni ẹ mú wá, ẹ kò sì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa mu omi dáadáa, kí ó sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ó má pa ọjọ́ dókítà jẹ, kí ó lo oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni SS ti di dókítà, olùkọ́, bàbá àti ìyá ọmọ. Ní òpin ọdún 2023, ìjọba Bìrìtìkó àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn tí wọ́n fi ń tún jíìnì inú ẹ̀jẹ̀ ẹni SS ṣe. Owó rẹ̀ ga ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ ní Amẹ́ríkà, nítorí náà kò tíì dé ọwọ́ tálákà. Àyẹ̀wò ṣáájú yìgì ni agbára wa ká.

Ní ti ọmọ Òṣogbo àti ọmọ Iléṣà inú àpèjúwe wa, n kò ní sọ fún yín pé kí wọ́n fẹ́ ara wọn tàbí kí wọ́n má fẹ́. Bóyá AA ni ọ̀kan nínú wọn, tí gbogbo ilé yóò jó tí wọn yóò yọ̀. Bóyá AS ni àwọn méjèèjì, tí wọ́n ní láti jókòó ti àwọn òbí àti dókítà, kí wọ́n ronú pẹ̀lú omi lójú. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ó sàn kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí Lèmọ́mù tó so yìgì, ju kí wọ́n mọ̀ ọ́n lẹ́bàá ibùsùn ọmọ tí ń kérora lóru.

Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú jọ̀wọ́ fún àwọn tí ń ṣàìsàn ní àlàáfíà, kí Ó fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ọkọ rere àti aya rere, kí Ó sì fi ọmọ tí yóò dàgbà, tí yóò dògbó, ta ilé gbogbo wa lọ́rẹ. Àmín.